Èdìdì Ìjọba Lára Ilé: Àlàyé lórí Àyẹ̀wò Ilé Kíkọ́ ní Lẹ́kkí àti Ajah

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2016, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà márùn-ún kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Lẹ́kkí wó lulẹ̀. Ó lé ní 30 ènìyàn tó bá a lọ. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìpínlẹ̀ ti kéde nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ti débẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ti kìlọ̀ pé àjà tí wọ́n ń gbé léra ti kọjá iye tí a fọwọ́ sí, wọ́n sì ti fi èdìdì ti ibẹ̀ pa. Àwọn tó ń kọ́lé já èdìdì náà, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Àjọ LASBCA ni òfin gbé àyẹ̀wò ilé kíkọ́ lé lọ́wọ́. Ọ̀tọ̀ ni LASPPPA tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ọ̀pọ̀ onílé ló sì ń rò pé bí àwọn bá ti gba ìwé yìí, ó parí. Kò tíì parí. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí LASBCA mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè máa wá wò ó ní ìpele ìpele: ìpìlẹ̀ kí a tó da kọnkéré sí i, irin dẹ́kì kí a tó bò ó. Ohun tí kọnkéré bá ti bò, ojú kò rí i mọ́.

Ilẹ̀ àgbègbè yìí gan-an ń fẹ́ ìṣọ́ra. Àárín ọ̀sà àti òkun ló wà, iyanrìn ni wọ́n sì fi kún ọ̀pọ̀ àbàtà ibẹ̀. Ìpìlẹ̀ tó gba ilé kan ró ní Ìkẹjà lè má gba irú rẹ̀ ró ní Ajah.

A mọ̀ pé inú ẹlòmíràn kì í dùn bó bá rí òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ sì mú ìwé àṣẹ àti àwòrán ilé jáde. Owó ìjọba kì í ṣe ohun tí à ń kì bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fi èdìdì ti ilé, LASBCA nìkan ló lè ṣí i, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún àṣìṣe náà ṣe.

Bí ilé bá parí, ìwé ẹ̀rí kan wà tó ń fi hàn pé ó yẹ fún gbígbé. Ayálégbé lè ní kí onílé fi í han òun kí ó tó san owó ilé.