Ìtọ́jú tuntun ti dé fún fòníkú-fọ̀ladìde, ṣùgbọ́n ẹ yẹ jẹ́nótáìpù wò kí ẹ tó so yìgì

Láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn pé ìtọ́jú tuntun ti dé fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn kan ń béèrè pé kí ni àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tún wà fún kí a tó so yìgì. Ìbéèrè ńlá ni, nítorí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé.

Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Àpòmù, ẹ mọ dáàmù Aṣéjíre. Odò Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀ kò gbẹ. Wọ́n sé e ni. Irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ọmọ inú oyún ní hìmóglóbìn tirẹ̀, èyí tí kì í mú ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ìdí nìyí tí àìsàn yìí kì í fi í sábà hàn lára ọmọ SS ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìbí, púrótéènì kan tó ń jẹ́ BCL11A á lẹ̀ mọ́ DNA, ìyẹn ìwé àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, á sì sé hìmóglóbìn náà. Ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ yìí hàn.

Irú púrótéènì bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì débi tí a ó fi rí i yẹ̀ wò dáadáa. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ máa ń fi àṣẹ rẹ̀ sínú bakitéríà, kí bakitéríà lè bá wọn ṣe é lọ́pọ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á sì wo ibi tó ń dì mú lára DNA.

Bakitéríà náà ni wọ́n fi ń ṣe púrótéènì mìíràn, Cas9, tó ń gé DNA. Nínú ìtọ́jú Casgevy, tí ìjọba Bírítéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 2023, wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Cas9 á gé ibi tó ń pàṣẹ pé kí BCL11A pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sára rẹ̀. Ìlẹ̀kùn dáàmù ṣí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n ń ta á fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Aláìsàn á kọ́kọ́ gba oògùn líle tó lè dí i lọ́wọ́ ọmọ bíbí. Bó bá sì rí ìwòsàn, yóò ṣì fi S lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu kan nínú mẹ́rin láti di SS. Pé àkọ́bí jẹ́ SS kò ní kí àwọn àbúrò rẹ̀ bọ́ nínú ewu.

Bí ọmọ SS bá sì ti wà nílé, ẹ má dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀dọ̀ baba àti ìyá ni S méjèèjì ti wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa hydroxyurea. Oògùn tí a ń gbé mì ni, ó sì ń ṣí ìlẹ̀kùn náà díẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà.