Iyọ̀ Nínú Oúnjẹ Ajá

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dá sí àríyànjiyàn kan láàárín àwa tí a ń sin ajá. Àwọn kan ní iyọ̀ kò gbọdọ̀ kan ahọ́n ajá rárá. Àwọn mìíràn a da ọbẹ̀ àná sórí ẹ̀bà fún un, wọn kì í wẹ̀yìn wò. Ní tèmi, ibi tí ewu wà kọ́ ni àwọn méjèèjì ń wò.

Iyọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Ara ajá ń lò ó bí ara ènìyàn ti ń lò ó, kí omi ara lè wà ní ìwọ̀n, kí iṣan sì lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó tó o. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bí tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ti ń làágùn. Bí ooru bá mú un, a yọ ahọ́n síta, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nítorí náà, iyọ̀ tí ó ń bá òógùn jáde lára wa kì í jáde bẹ́ẹ̀ lára tirẹ̀.

Èyí tí ó bá pọ̀jù, kíndìnrín yóò bá ìtọ̀ dà á nù, bí omi bá wà. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀, tí àwo omi rẹ̀ gbẹ, tí a wá fún ní oúnjẹ oníyọ̀, òun ni kí a bẹ̀rù fún. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa fa omi jáde láti inú ọpọlọ. Òùngbẹ ni a ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Bí ó bá le, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, gìrì yóò sì mú un.

Gíráàmù iyọ̀ 2 sí 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ajá wọ̀n lè fa àìsàn. 4 lè pa á. Fún ajá oníkílò 10, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì 7. Ọbẹ̀ àná kò tó bẹ́ẹ̀. (Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ náà ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.) Ajá tí àrùn ọkàn ń ṣe wà lára àwọn tí ó yẹ kí a dín iyọ̀ kù fún.

Iyọ̀ tí ó ń pani ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa rọ ajá. Bí ajá bá jẹ májèlé èkúté, àwọn kan a po iyọ̀ mọ́ omi, wọn a la ẹnu rẹ̀ ní tipátipá, kí ó lè bì. Bí kò bá wá bì ńkọ́? Májèlé ti di méjì nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníṣègùn ẹran kò fọwọ́ sí àṣà yìí mọ́. Ilé ìwòsàn ẹran ni kí a gbé e lọ kíákíá, irú èyí tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí a sì mú páálí májèlé náà dání.