AFÁRÁ CARTER: BÍ A Ó BÁ TÚN UN KỌ́, KÍ Ó JẸ́ AFÁRÁ ÈKÓ

Kò sí ará Èkó kan tí kò mọ afárá tí ó so Ìdó pọ̀ mọ́ Ìdúmọ̀tà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ọ̀nà lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ìtàn àwọn Àwórì ti wí, Ìdó ni Ọlọ́fin tẹ̀dó sí, Àrómirẹ́ ọmọ rẹ̀ sì ni ó la omi kọjá sí erékùṣù òdìkejì, tí ó ń pẹja níbẹ̀, tí ó sì dá oko ata. Lórí oko ata náà ni a kọ́ ààfin Ọba Èkó sí, ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ìgá Ìdúngànrán títí di òní. Ipa ọ̀nà Àrómirẹ́ ni afárá Carter ń tọ̀.

Ní ọdún 1901 ni ìjọba kọ́ ti àkọ́kọ́. Orúkọ Sir Gilbert Carter ni wọ́n fi pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ti fi ipò Gómìnà sílẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ṣáájú èyí, ọkọ̀ ọpọ́n ni a fi ń rékọjá. Ní 1902 ọkọ̀ ojú irin kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ láti Ìdó wọ inú Èkó. Wọ́n tún un kọ́ ní ọdún 1930 ó lé. Nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí ó di 1980, wọ́n tú u, wọ́n kọ́ èyí tí a ń gùn lónìí.

Ní 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójútó iṣẹ́ òde kéde pé ẹsẹ̀ afárá náà lábẹ́ omi ti bàjẹ́ púpọ̀, àti pé ó yẹ kí a tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yà wá lẹ́nu. Omi òkun a máa dà pọ̀ mọ́ ti ọ̀sà, iyọ̀ rẹ̀ a sì máa wọ inú kọnkéré lọ bá irin. Irin a dípẹtà, a wú, a sì fọ́ kọnkéré náà láti inú wá. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn sì ni ìsàlẹ̀ ọ̀sà: bí ìṣàn omi tàbí awayanrìn bá kó iyanrìn kúrò nídìí òpó, òpó a wà ní ìhòòhò. Ẹ ò rí i pé ẹni tí yóò ya àwòrán afárá Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ọ̀sà sọ̀rọ̀?

Bí irú ọ̀ràn báyìí bá dé, àwọn kan a máa wí pé kí a mọ àkẹ̀tẹ̀ Ẹ̀yọ̀ sí orí òpó, kí àlejò lè mọ̀ pé òun ti dé Èkó. Àwa kò kẹ́gàn èyí, ṣùgbọ́n Ẹ̀yọ̀ tòótọ́ ni ó jẹ wá lógún ju Ẹ̀yọ̀ oníkọnkéré lọ. Ní ọjọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, a máa ń ti ọ̀nà láti ẹsẹ̀ afárá yìí títí dé gbàgede Tinúbú, kí àwọn aláṣọ funfun lè ráyè gba Ìdúmọ̀tà lọ sí Ìgá. Bí a bá kọ́ afárá tí orí rẹ̀ dára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi òpó gbàǹgbà dí ọ̀nà Ẹ̀yọ̀, kí ni a ṣe?

Ẹ wo afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Makoko kọjá, níbi tí àwọn Ègùn apẹja kọ́ ilé wọn sórí òpó; ṣùgbọ́n a kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ lórí rẹ̀, apẹja a sì máa wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ òfurufú. Ti Lẹ́kí sí Ìkòyí, ti 2013, ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Okùn irin rẹ̀ sì jọ àwọ̀n tí apẹja nà sá sí oòrùn. Àwọn ènìyàn a máa jí rìn lórí rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ara wọn lè le. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ gba afárá Carter, alábàárù, ìyá aláta, ọmọ ìkọ́ṣẹ́, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá lọ.

Nítorí náà, ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fẹ̀ tó kí ẹlẹ́rù méjì lè pàdé láìkọlu ara wọn, kí ìbòòji sì wà níbẹ̀. Kí àlàfo àárín òpó àti gíga rẹ̀ gba ọkọ̀ ọpọ́n àti ọkọ̀ èrò. Kí èbúté kékeré wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìhà Ebúté Èrò, kí ẹja lè tètè dé ọjà. Ní ti orúkọ, kí wọ́n pè é ní Carter tàbí Àrómirẹ́. Kò tó ìjà lójú wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ èyí tí ó wù wá.

Àmọ́ kí wọ́n má ṣe ya àwòrán tán ní Àbújá kí wọ́n tó pè wá wá wò ó. Kí wọ́n gbé e wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n fi í han àwọn ìjòyè onífìlà funfun, àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà àti àwọn apẹja, kí wọ́n tó gbá òpó àkọ́kọ́ wọlẹ̀.