Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Ìtàn Tí Ó Yẹ Kí A Sọ Tán

Orúkọ Crowther kò ṣàjèjì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni ilẹ̀ wa. Bí a bá béèrè ẹni tí ó jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà, àti pé òun ni aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní àkókò àjọ̀dún yìí, a rò pé ó tọ́ kí a sọ ọ́ tán.

Òṣogùn ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà, wọ́n sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e dé Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti rí ilé-ẹ̀kọ́. Láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, wọ́n sì ń san pẹ́ńsì méje àti ààbọ̀ fún un lóṣù. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay.

Ní 1843 ni ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún náà sì ni ìwé rẹ̀ lórí èdè Yorùbá jáde. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Síbẹ̀, wọn kò fi Abẹ́òkúta àti Èkó sábẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ṣe olórí wọn. Agbègbè odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní Onitsha, Lọ́kọ́ja àti Bonny. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ti dá ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti korò nìyí. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kan ti ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀pọ̀ lápapọ̀, wọ́n sì dá àwọn àlùfáà dúró lójú Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, bí ẹni pé kò ní àṣẹ kankan. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ní 2014, ní Canterbury kan náà, Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Justin Welby tọrọ àforíjì fún ìwà tí ìjọ hù sí i. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fojú kéré ìjọ tí ó lè jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí àwọn ọmọ bá bi wá léèrè ta ni Crowther, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró sórí aṣọ oyè nìkan. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọmọ ẹrú tí ó gba ẹ̀kọ́ mọ́ra, ti ọmọ tí ó rí ìyá rẹ̀ padà, àti ti àgbàlagbà tí wọ́n rẹ́ jẹ tí kò sì kọ̀ iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ lè gbé ènìyàn ga, yóò sì mọ ohun tí a lè dì mú nígbà tí àwọn ènìyàn bá fẹ́ rẹ̀ wá sílẹ̀.