Ilẹ̀ tí ó Yí Ilé Ká ni ó ń Wó Ògiri

Òjò àkọ́rọ̀ kì í sábà wó ilé. Ògiri tí ó bá máa wó ní ìlú Ìdèrè, tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìbàràpá, a máa sábà dúró de ìgbà àrọ̀kúrò, nígbà tí òjò ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan, tí ilẹ̀ sì ti mu omi yó. Bí ó bá wó tán, àwọn ará ilé a sọ pé òjò òru àná ni ó wó o. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òjò òru àná kàn parí iṣẹ́ tí omi ti ń ṣe ní ìdí ògiri náà láti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn ni, ilẹ̀ tí ó yí ilé náà ká ni ó sì fi àyè gba omi láti ṣe é.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí omi tí ń bọ́ láti orí òrùlé kan ti pọ̀ tó. Bí òrùlé bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30, òjò ńlá kan tí ó kún ìwọ̀n ínǹṣì 2 yóò da omi tí ó tó líta 5,600 sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Èyí jẹ́ ẹkún dúrọ́ọ̀mù 28, irú èyí tí a fi ń ta epo. Kò sí onílé kan tí yóò gbà kí ọmọ rẹ̀ gbé dúrọ́ọ̀mù omi 28 wá dà sí ìdí ògiri rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun tí òrùlé ń ṣe gan-an nìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ọdún.

Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n fi koríko bo ilé kò rí irú ìyọnu yìí tó bẹ́ẹ̀. Koríko a máa dá omi dúró díẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀, etí òrùlé ayé àtijọ́ a sì máa gùn jáde, a sì máa rẹlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ jìnnà sí ògiri. Wọn a tún mọ pèpéle sí iwájú ilé. Àwọn àgbà ń jókòó sí i láti gba atẹ́gùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì tí pèpéle ń ṣe ni pé ó ń bo ìdí ògiri, omi kò sì rí i fọwọ́ kàn. Nígbà tí páànù dé, ó mú ìròra wá, nítorí kì í tètè jóná, kì í sì í jẹrà bíi koríko. Ṣùgbọ́n páànù kì í dá omi dúró. Gbogbo òjò tí ó bá bà lé e ni yóò dà sílẹ̀ lójú kan náà, láti ibi gíga, nítòsí ògiri. Ẹni tí ó bá rìn káàkiri àdúgbò lẹ́yìn òjò yóò rí àmì rẹ̀: ẹrẹ̀ pupa tí ó ta sí ara ògiri títí dé orúnkún, àti ojú ihò tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti gbẹ́ sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ.

Bí ilẹ̀ abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà bá rọra rẹlẹ̀ lọ kúrò lára ilé, omi yóò gba ibẹ̀ lọ. Bí ó bá tẹ́jú, tàbí tí ó tẹ̀ sí ìhà ògiri, omi yóò dúró, yóò sì wọlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàràpá, iyanrìn ni ó wà lókè, amọ̀ tí ó le ni ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi a gba inú iyanrìn kọjá kíákíá, ṣùgbọ́n bí ó bá kan amọ̀, kò tún rí ọ̀nà lọ mọ́, a sì dúró yí ìpìlẹ̀ ká. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa gun ògiri, gẹ́gẹ́ bí epo ti ń gun òwú àtùpà. Ògiri amọ̀ tí ó gbẹ lágbára púpọ̀, ó lè ru òrùlé fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n bí ìdí rẹ̀ bá ti rin, ó di ẹrẹ̀ bí ó ti wà kí a tó fi mọlé. Ìpìlẹ̀ yóò rì ní apá kan, apá kejì kò ní rì, ògiri yóò sì lanu ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ní ìlà tí ó dá gbùú láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣe àṣìṣe tí ó burú jù. Wọn a pe bíríkìlà láti fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà kí ó lè dán, kí àlàfo má sì hàn mọ́. Símẹ́ńtì náà kò dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè láti inú ilẹ̀. Ọ̀nà tí ó fi ń gbẹ jáde ni ó dí. Ògiri yóò máa jẹrà nínú ẹ̀wù rẹ̀, ojú kò ní rí i, títí di ọjọ́ tí símẹ́ńtì náà yóò bọ́ tòun ti amọ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀dà a máa bó níbẹ̀, ohun funfun kan tí ó dàbí iyọ̀ a sì máa yọ lára ògiri. Ikán fẹ́ràn irú ibẹ̀. Bí ìyàwó ilé bá sì gbé àpò ẹ̀gúsí tàbí èlùbọ́ ti ògiri tútù bẹ́ẹ̀, yóò bu.

Bí ilẹ̀ ṣe ń di bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìgbálẹ̀ wà lára rẹ̀. Ní àràárọ̀ ni a ń gbá àyíká ilé, ìwà ìmọ́tótó sì ni. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ń kó iyanrìn díẹ̀ lọ lójoojúmọ́, òjò sì ń kó ìyókù, títí òkúta ìpìlẹ̀ yóò fi yọ síta bí egungun. Omi balùwẹ̀ náà ńkọ́? Èyí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò, ojoojúmọ́ ni ó ń ṣàn sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n tún ojú títì ṣe, wọ́n sì gbé e ga, ilé tí ó ga ju ọ̀nà lọ tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí ọ̀nà ga jù.

Kòtò tí a ti wa amọ̀ ilé náà wà níbẹ̀, tí a kò dí. Àwọn ará Ìdèrè kò ṣàìmọ ìyà tí omi adágún lè fi jẹ ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1989, sòbìyà dà wọ́n láàmú púpọ̀ nítorí omi adágún tí wọ́n ń mu, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì wá bá wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àrùn náà ti lọ. Ọdún 2008 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní ọdún 2013. Omi inú kòtò ẹ̀yìn ilé kò fa sòbìyà fún ẹni tí kò mu ún, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ń yé sínú rẹ̀, tanwíjí sì ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn wolé-wolé máa ń wá kiri.

Nígbà tí odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti nígbà tí àgbàrá tún ya wọ ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, gbogbo ayé ni ó gbọ́. Kò sí ìwé ìròyìn tí yóò gbé ìròyìn ògiri yàrá kan tí ó wó lu àwọn tí ó sùn sínú rẹ̀ jáde lọ títí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ti kejì yìí ni onílé lè fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì tirẹ̀ dá dúró.

Kí onílé kọ́kọ́ jáde síta nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ó sì wo ibi tí omi ń gbà. Bí kò bá sí òjò, kí ó da korobá omi kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibi tí omi náà bá kọrí sí ni ìdáhùn. Ìwọ̀n tí ó dára ni pé kí ilẹ̀ fi ínǹṣì 6 rẹlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́ láti ìdí ògiri. Bíríkìlà tí ó ní rọ́bà gbọọrọ tí ó mọ́ gaara, tí ó bu omi sínú rẹ̀, lè wọn èyí láìṣì. Yangí ni kí a fi kún ìdí ògiri, kí a máa dà á ní ìpele tín-ín-rín, kí a sì fi igi ńlá gún ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí a tó da òmíràn lé e. Kí a má ṣe lo ilẹ̀dú tàbí ìdọ̀tí ààtàn, nítorí yóò jẹrà, yóò sì rì. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a bá tò sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kò ní jẹ́ kí omi gbẹ́ ilẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí ògiri.

Ilé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè tàbí nísàlẹ̀ àpáta, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní agbègbè yìí, nílò ju èyí lọ. Òun ni a ó wa gọ́tà fún ní ìhà òkè, kí àgbàrá lè pín sí méjì, kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ibi tí gọ́tà náà yóò já sí ni ìjà máa ń ti wá, nítorí ẹni tí ó bá darí omi sí ilé aládùúgbò rẹ̀ kò tíì ṣe àtúnṣe kankan. Ó sàn kí ilé méjì tàbí mẹ́ta pawọ́ pọ̀ wa gọ́tà kan dé ojú àgbàrá, kí wọ́n sì jẹ́ kí baálé àdúgbò mọ̀ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ti omi balùwẹ̀ rọrùn: kí a fi páìpù gbé e jìnnà sí ògiri. Àwọn kan a máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ibi tí ó bá já sí kí ó lè máa mu ún, kò sì burú, bí kò bá ti sún mọ́ ìpìlẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí dára jù, nígbà tí iṣẹ́ oko ti dínkù tí ògiri sì ti gbẹ. Bí a tilẹ̀ gún yangí náà dáadáa, yóò ṣì rì díẹ̀ lẹ́yìn òjò méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà kí a tọ́jú díẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fi dí ojú ibi tí ó bá rì.