Ewúro Ẹ̀yìnkùlé Wa: Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ní Àkàkà Rẹ́mọ níbí, ta ni kò mọ ewúro? Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ń bẹ nínú ewé náà gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Bí a bá bẹ iṣu tí a gbé e sílẹ̀, kì í pẹ́ dúdú. Afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn pẹ̀lú, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ń dènà rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní antioxidant. Ní ọdún 1994, Igile àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará Pólándì wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ewúro. Èròjà mẹ́ta ni wọ́n yọ nínú ewé rẹ̀: luteolin, àti méjì mìíràn tí ó jẹ́ luteolin tó so mọ́ ohun tó fara jọ ṣúgà. Wọ́n po ọ̀rá mọ́ àwọ̀ inú kárọ́ọ̀tì. Bí ọ̀rá bá ti ń bàjẹ́, àwọ̀ náà a máa ṣá. Luteolin dènà èyí ju BHT lọ, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi sínú oúnjẹ kí ó má bàa tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n inú ìgò ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe inú ara ènìyàn.

Vernodalin àti vernolide ló mú un korò; saponin ló ń mú un hó bí ọṣẹ nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Ní 1987, ní òkè Mahale ní Tansania, Michael Huffman rí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó já ewé ewúro dànù, ó bó èèpo ẹ̀ka rẹ̀, ó sì fa omi inú rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń mókun. (Ẹranko náà mọ ìwọ̀n!)

Ohun tí ó mú wa kọ èyí ni pé àwọn kan nínú wa tó ní àtọ̀gbẹ ti pa oògùn dókítà tì, omi ewúro nìkan ni wọ́n ń mu. Àwọn mìíràn ń mu méjèèjì pọ̀. Lára eku tí wọ́n fi dánwò, ewúro dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a máa mu ún ní kọ́ọ̀bù kọ́ọ̀bù mọ́ oògùn láìsọ fún dókítà: ṣúgà lè wálẹ̀ jù, kí ènìyàn sì dákú. Ti inú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kò ní wàhálà, ẹ máa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ṣúgà tirẹ̀ ṣe rí, ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣágámù kò jìnnà.