Bí Ewì Ṣe Wọ Ìwé Ìròyìn Ọjọ́ Ìsinmi

Ní ọdún 1985, ẹni tó bá ra Sunday Tribune n'Ìbàdàn torí àtimọ ohun tí ìjọba ológun tún fẹ́ ṣe, á bá ewì nínú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ ará ìlú lọ́kàn lásìkò náà ni ewì ọ̀hún ń sọ. Songs of the Season, ìyẹn orin ìgbà, ni wọ́n pe abala náà. Ẹni tó ń kọ ọ́ ni Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà.

Báwo ni ewì ṣe dé àárín ìròyìn? Ìkẹ́rẹ́ ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ibẹ̀, lábẹ́ òkè Olósùnta, ni wọ́n ti bí Ọ̀ṣúndáre ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1947. Àgbẹ̀ tó mọ orin kọ ni bàbá wọn, ahunṣọ ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Christ's School, Adó-Èkìtì, kí wọ́n tó lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n tó ré òkun lọ sí Leeds àti Toronto. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ ìwé kà tí ewì ti wà létí wọn.

Lágbègbè wa ní Èkìtì, láti Ìláwẹ̀ dé Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, a kì í wá ewì lọ. Ọmọ kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ìyá fi oríkì dá a lóhùn, orí ọmọ wú. Iṣẹ́ tó ń sá fún tẹ́lẹ̀, á sáré lọ jẹ́ ẹ. Ìyàwó ń relé ọkọ, ẹkún ni yóò fi dágbére. Àgbà sùn, alámọ̀, ìyẹn orin ilẹ̀ wa, ni wọn yóò fi sìn ín. Bí ọjọ́ ọdún bá sì pé, àwọn olórin á wí ti ẹni tó hùwà àìtọ́, ì báà jẹ́ olóyè. Kò sí ẹni tí yóò mú wọn, nítorí àwọn bàbá wa ti wí i pé ọba kì í pa ọ̀kọrin.

Ilé ìwé ló sọ ewì di ohun tí wọ́n ń kọ́ nítorí ìdánwò. Ọ̀ṣúndáre fẹ́ dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ní 1983, ìwé ewì wọn àkọ́kọ́ jáde, Songs of the Marketplace. Village Voices tẹ̀ lé e ní 1984. Orúkọ ìwé méjèèjì ti fi ibi tí wọ́n ń lọ hàn: ọjà àti abúlé. Àmọ́ mélòó ni àwọn tó ń ra ìwé ewì? Ìwé ìròyìn ní tiẹ̀, ẹnì kan á rà á, èèyàn márùn-ún á kà á, bó bá gbó tán, ìyá ẹlẹ́pà á fi pọ́n ẹ̀pà fún ẹni tí kò ra ìwé rí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Láti nǹkan bí ọdún 1905 ni àwọn àròfọ̀ akéwì Ṣóbọ̀ Aróbíodu ti ń jáde ní ìwé l'Abẹ́òkúta, ó sì ń fi wọ́n sọ ohun tó ń lọ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Gẹ̀ẹ́sì ni Ọ̀ṣúndáre fi kọ tiwọn, ṣùgbọ́n ìlù Èkìtì ló ń lù lábẹ́ rẹ̀. Nínú The Eye of the Earth, wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sí àwọn ewì kan lórí pé kí ìlù tàbí fèrè bá a rìn. Ìwé yìí gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth ní 1986.

Àwọn ológun kò mọ òfin ọ̀kọrin. Nígbà ìjọba Abacha, àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ a máa wá bá Ọ̀ṣúndáre pé kí wọ́n wá túmọ̀ ewì wọn, kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ẹ rò ó wò: ìjọba tó ní ìbọn ń bẹ̀rù ìlà mélòó kan nínú ìwé ìròyìn. Mi ò mọ ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ pé ewì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ewì wọn kan lórí àwọn tí wọ́n wá mú lọ nígbà tí aládùúgbò ń wò, Not My Business, di ohun tí àwọn ọmọ iléèwé kà ní Bírítéènì.

Ní 2005, omi ìjì Katrina bo ilé Ọ̀ṣúndáre ní New Orleans, l'Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ń gbé nígbà náà. Òkè àjà ni àwọn àti ìyàwó wọn sá sí kí aládùúgbò kan tó gbà wọ́n là. Omi gbé ìwé wọn lọ. Ewì náà ni wọ́n fi sọ ọ̀fọ̀ ọ̀hún, ó sì di ìwé ní 2011, City Without People. Ohun tí wọ́n ti ń fún ará ìlú látọjọ́ yìí ni wọ́n wá fi tu ara wọn nínú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn oníwèé ìròyìn àti ilé iṣẹ́ rédíò wa pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ewì láàárín ìròyìn, kó má jẹ́ ti ọjọ́ ayẹyẹ nìkan. Mo sì ń bẹ àwa òbí náà. Lọ́la, bí ọmọ rẹ bá kúnlẹ̀ kí ọ, má kàn mi orí. Kì í ní oríkì rẹ̀. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ní Ìkẹ́rẹ́, ni ewì Sunday Tribune ti bẹ̀rẹ̀.